Dókítà ìdílé mẹ́rin, PHC mọ́kànlá: kí ló yẹ kó wà nínú àdéhùn wọn pẹ̀lú ìjọba?

Aṣojú_Wọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́ọ̀dù 11 ló ní, PHC (ilé ìlera alábọ́ọ́dé) kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì, CHO àti CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ) ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Dókítà kan ṣoṣo tó ń bá ìjọba ìbílẹ̀ náà ṣiṣẹ́ ni M.O.H. (dókítà tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìlera rẹ̀), ìpàdé àti fáìlì sì ti gbé e mì. Nínú ìlú yẹn kan náà, dókítà ìdílé mẹ́ta ní ilé ìwòsàn tiwọn, ẹ̀kẹrin wà ní jẹ́nẹ́rà (ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba). Ìpínlẹ̀ fẹ́ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá àwọn PHC ṣiṣẹ́. Ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kò ju ojú ewé kan ààbọ̀ lọ, ohun tó sì sọ kò ju pé "àwọn dókítà yóò máa ṣe àtìlẹ́yìn" lọ. Àtìlẹ́yìn wo? Ọjọ́ wo? Àpò ta ni owó wọn ti máa jáde? Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí yé, kí ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Dókítà_Òkè_Odò

Ẹ wo ìlànà NPHCDA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ PHC) lórí òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà ní PHC wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì-agbẹ̀bí mẹ́rin, CHO kan, CHEW mẹ́ta, JCHEW (CHEW kékeré) mẹ́fà, títí kan ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà. Tó bá wá kan dókítà: ọ̀kan, bí ó bá wà. Kò sí akọ̀wé bọ́jẹ́ẹ̀tì tó máa ya owó sọ́tọ̀ fún ohun tí wọ́n kọ "bí ó bá wà" sí. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí àdéhùn yín gbọ́dọ̀ ṣe ni kó pa "bí ó bá wà" yẹn rẹ́, kó fi orúkọ àti ọjọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ní kí dókítà kankan jókòó sí PHC lójoojúmọ́. Kò ní ṣeé ṣe, kò sì pọn dandan. Ẹ pín PHC 11 náà sí mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta àti méjì. Kí ẹni tó wà ní jẹ́nẹ́rà mú méjì. PHC kọ̀ọ̀kan á rí dókítà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan. Dókítà tó ní PHC mẹ́ta á fi òwúrọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn kò ní ti ilé ìwòsàn tirẹ̀ pa. Kí ọjọ́ náà má yí padà. Bí ó bá jẹ́ Tuesday, Tuesday ni, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà tó bá ń wá "nígbà tí àyè bá yọ", aláìsàn kì í bá a níbẹ̀.

Wákàtí mẹ́rin yẹn, báyìí ni kí ẹ lò ó. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, kó má tíì rí aláìsàn kankan. Kó ṣí rẹ́jísítà, kó fa fáìlì mẹ́wàá yọ láìṣà, kó wò ó bóyá wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀mejì, bóyá wọ́n kọ orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, bóyá ọjọ́ ìpadàwá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, aláìsàn 15 sí 20 tí CHEW ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì lórí oògùn, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ tí ìlà ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì dúró sójú kan tàbí tó ń lọ sílẹ̀. Ibà, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe tirẹ̀. Standing Orders, ìwé ìlànà ìtọ́jú tí CHEW ń tẹ̀ lé, ti tó fún ìyẹn. Kí ìdajì wákàtí ìkẹyìn jẹ́ ti ẹ̀kọ́: aláìsàn kan tí wọ́n rí lónìí, kí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ tú u wò.

(Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí mo dárúkọ yẹn, ọmọ ilé wa ni. Ìmẹ̀sí-Ilé ni dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ti dán an wò nínú àwọn ọdún 1950, kó tó di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ó máa ń ya ni lẹ́nu bí PHC tó wà nítòsí ibẹ̀ bá ní káàdì náà kò sí.)

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ dókítà: aláboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20 tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wọ 140/90, pàápàá tí purotéènì bá wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ń lọ sí jẹ́nẹ́rà. Bí orí bá ń fọ́ ọ burúkú, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí gìrì ti mú un, kí wọ́n ti fún un ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ magnesium sulphate (oògùn tó ń dènà gìrì) kí ọkọ̀ tó gbéra.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Dókítà, ẹ ṣeun. Mo ní àfikún kan, ẹ má bínú sí i.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni àga. Nọ́ọ̀sì tàbí CHO tó jẹ́ olórí PHC ló ń wà níbẹ̀ láti Monday dé Friday, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé báńkì, òun ni wọ́n ń jí lóru nígbà tí obìnrin bá ń rọbí. Bí dókítà bá dé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, tó jókòó sí àga rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí lójú aláìsàn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọn ò ní bá a jà. Wọ́n á kàn máa kó aláìsàn tí kò ní nǹkan kan síwájú rẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé láti pe àwọn tó yẹ kó rí.

Gbólóhùn tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò gùn: olórí PHC ló ń ṣàkóso òṣìṣẹ́, owó àti oògùn, dókítà ló ń darí ọ̀nà ìtọ́jú, ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ sínú ìwé ìbẹ̀wò kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Àṣìṣe ìtọ́jú tó bá rí, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kí olórí PHC fọwọ́ sí i, kí ìbẹ̀wò tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé yẹn.

Dókítà_Òkè_Odò

Àbùkù kankan kò sí nínú ìyẹn, Màmá. Ìwé ìbẹ̀wò yẹn gan-an ni M.O.H. yẹ kó máa béèrè lóṣooṣù, kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n yà níwájú bánà.

Olówó_Ìlú

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni irú àdéhùn báyìí ti ń kú.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 11, ló dá owó BHCPF (owó àkànṣe fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀) sílẹ̀: ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (1%) owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀. Bí òfin ṣe pín in nìyí: 50% fún ìtọ́jú nípasẹ̀ adójútòfò, 20% fún oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ohun èlò, 15% fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, 10% fún òṣìṣẹ́, 5% fún pàjáwìrì. Àwọn ìlànà tó tẹ̀ lé e ti yí ìpín náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì nìyẹn. Àwọn kan á rí 10% yẹn, wọ́n á ní owó dókítà ti wà. Ẹ rọra. Owó tó ń dé àpò PHC tààrà jẹ́ ₦300,750 ní ìdá mẹ́rin ọdún kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ pín in sí oṣù mẹ́ta: ₦100,250. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra epo jẹnẹrétọ̀, gílọ́ọ̀fù àti oògùn, tí wọ́n sì ń tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé yóò di ₦600,000 sí ₦800,000. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ 800,000 ló wọlé, kò pé ₦267,000 lóṣù. Ẹni tó bá fi owó dókítà lé e lórí ti pa PHC náà.

Nítorí náà, àpò ìpínlẹ̀ ni kí owó dókítà ti jáde, lórí ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, lábẹ́ bọ́ọ̀dù PHC ìpínlẹ̀. Kó má sì jẹ́ owó oṣù. Ẹ san án ní ìjókòó-ìjókòó: dókítà wá, ó fọwọ́ sí ìwé, olórí PHC fọwọ́ sí i, ẹnì kan láti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù náà fọwọ́ sí i, owó wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Kò wá? Kò sí owó. Ìjọba kò san fún oṣù méjì? Dókítà lè dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ 14, láìsí pé àdéhùn fọ́. Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀. Àdéhùn tó bá fìyà jẹ ẹnìkan ṣoṣo kì í pẹ́.

Ohun mìíràn. Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kò dáa kí bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ nìkan fọwọ́ sí ìwé. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú, kí wọ́n kọ ọ́ ní kedere pé ti ìpínlẹ̀ ni owó ìjókòó, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni àtúnṣe ilé àti owó ọkọ̀ ìbẹ̀wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa ju ọ̀rọ̀ síra wọn bí bọ́ọ̀lù.

Ọmọ_Ìgbò_Ọrà

Kí ló dé tí a ò fi jẹ́ kí adójútòfò san án? NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ti gbé owó tí ilé ìwòsàn ń gbà lórí aláforúkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ₦750 sí ₦1,450 lóṣù lọ́dún 2025. Bí PHC bá ní èèyàn 600, ₦870,000 ló ń wọlé lóṣù, yálà wọ́n ṣàìsàn tàbí wọn ò ṣe.

Olówó_Ìlú

Ìṣirò yín pé, àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó wà lábẹ́ ètò àpapọ̀ ni iye yẹn wà fún. Ètò ìpínlẹ̀ àti ti BHCPF ní iye tiwọn, ó sì máa ń kéré sí i. Ẹ lo iye ìpínlẹ̀ yín.

Ìṣòro gidi wà níbòmíràn. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló lè yàn. Bí dókítà aládàáni bá wà lórí àtẹ adójútòfò náà, òun àti PHC tó ń ṣèbẹ̀wò sí ti di ọlọ́jà méjì lábẹ́ igi kan. Lẹ́yìn ọdún kan, orúkọ tó wà ní PHC á dín kù, ti ilé ìwòsàn rẹ̀ á pọ̀ sí i. Kò ní láti jẹ́ pé ó jalè. Àwọn èèyàn kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọmọ_Ìgbò_Ọrà

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, a kì í fi èyí ṣe ìdí láti lé aládàáni jáde. Àwọn ló pọ̀ jù nínú dókítà tó kù nílùú.

Alábòójútó_Rífáà

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé wọn. Ẹ kàn fi ìwé dè é, nǹkan mẹ́ta péré. Èkíní, ẹni tó bá ti forúkọ sí PHC, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn dókítà tó ń bẹ PHC náà wò láàárín oṣù mẹ́fà, àyàfi tó bá kó kúrò ládùúgbò. Èkejì, bí PHC bá fẹ́ darí aláìsàn, kí orúkọ ilé ìwòsàn mẹ́ta wà lára ògiri, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan ọ̀kan, kí wọ́n kọ èyí tó yàn. Ẹ̀kẹta, lóṣooṣù, kí wọ́n ṣe àtẹ: mélòó ló lọ síbo. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bá ń lọ sí ibì kan ṣoṣo, kí M.O.H. béèrè ìdí. Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀jẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀, ìdí tó dáa sì nìyẹn.

Nígbà tí a ti dé ọ̀rọ̀ rífáà, ìyẹn dídarí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn míì, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń bàjẹ́. Fọ́ọ̀mù rífáà ní apá ìsàlẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gé, kí ó padà sí PHC: ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n ṣe, oògùn tí aláìsàn á máa lò, ọjọ́ tó yẹ kí PHC tún rí i. Apá yẹn kì í padà. Kì í ṣe ìkà ni dókítà jẹ́nẹ́rà. Aláìsàn 60 ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i bí kò bá kọ ọ́. Abájọ tí obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún fi ń padà dé PHC, tí nọ́ọ̀sì kò mọ oríṣi gígé tí wọ́n gé e, tàbí bóyá ó lè bímọ nílé ìlera wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó ń mú un padà ni owó. Kí ilé ìwòsàn tó gba aláìsàn so apá ìsàlẹ̀ náà mọ́ ìwé tó fi ń béèrè owó lọ́wọ́ adójútòfò; kò sí apá ìsàlẹ̀, kò sí owó. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù náà ní ẹ̀dà mẹ́ta pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù: ọ̀kan fún aláìsàn, ọ̀kan fún ibi tó ń lọ, ọ̀kan á dúró nínú ìwé. WhatsApp wúlò láti sọ pé aláìsàn ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n lo nọ́ńbà káàdì rẹ̀, kì í ṣe orúkọ, kì í ṣe fọ́tò èsì àyẹ̀wò rẹ̀ nínú gúrúùpù tí èèyàn 80 wà.

Ìyá_Olóògùn

Ẹ ti sọ̀rọ̀ dókítà, ẹ ti sọ̀rọ̀ ìwé, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ oògùn. Dókítà kọ amlodipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru), PHC kò ní, aláìsàn lọ sí kẹ́mísì, wọ́n tà á lówó gọbọi tàbí kí wọ́n fún un ní èyí tí wọ́n rí. Lẹ́ẹ̀mejì péré, kò ní padà wá mọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Èèyàn 120 tó ń lo amlodipine ẹyọ kan lójúmọ́: 120 lọ́nà 30, ẹyọ 3,600 lóṣù, káàdì 360 bí ẹyọ mẹ́wàá bá wà nínú káàdì kan. Ẹ jẹ́ kí káàdì oṣù kan máa wà nílẹ̀ ní ìpamọ́. Bí ọjà bá ti ku 540, kí àṣẹ ìrà tuntun jáde, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi dé, 180 á sì ti lọ. Èyí tí déètì rẹ̀ máa kọ́kọ́ tán ni kí wọ́n gbé síwájú, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ dé.

Ohun tó ń jẹ owó oògùn run gan-an kì í ṣe olè nígbà gbogbo. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ ra káàdì 100 ní ₦500, ₦50,000 nìyẹn. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, ẹ tà á ní ₦550, ẹ rí ₦55,000. Ẹ padà sọ́jà, ó ti di ₦700. Káàdì 78 ni owó yín rà. Ìdá kan nínú márùn-ún ọjà yín ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì jí i. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ohun tó kù lórí pẹpẹ kò ní tó ìdajì mọ́. Nítorí náà, iye tí ẹ máa fi ra òmíràn ni kí ẹ fi ṣírò iye títà, kì í ṣe iye tí ẹ fi rà èyí tó wà nílẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé nọ́ọ̀sì ń jèrè.

Àwìn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n káńsẹ́lọ̀, àbúrò alága. Kí wọ́n kọ ọ́: kò sí àwìn. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ẹnì kan gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí adójútòfò tàbí ìjọba fúnra rẹ̀ san owó rẹ̀ padà sí àpò oògùn.

Dókítà_Òkè_Odò

Ìyá Olóògùn ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ibi tó dáa jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ náà ṣeé pín. Láti 2020 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Ògùn àti Kano, níbi tí CHEW ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n sì ń fún èèyàn ní oògùn ní PHC lórí ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé. Láti 2014 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti gbé ìlànà pínpín iṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jáde.

Ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kó tó yí oògùn kankan padà. Kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan àga, kí ẹsẹ̀ má ṣe ré kọjá ara wọn, kí ó ti tọ̀. Kí apá wà ní ìhòòhò, kó dọ́gba pẹ̀lú ọkàn. Kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín. Aṣọ ẹ̀rọ tó kéré tí wọ́n wé mọ́ apá ńlá máa ń gbé òǹkà ga ju bó ṣe wà lọ, PHC púpọ̀ sì jẹ́ pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹ ra aṣọ ńlá kún un. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n pè ní "oògùn ò ràn án" kò nílò ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì, kì í ṣe fún obìnrin tó lóyún tàbí tó lè lóyún láìpẹ́, ó ń pa ọmọ inú lára. Kí wọ́n kọ ìyẹn ní lẹ́tà ńlá sára ògiri yàrá ìtọ́jú.

Ará_Bahia

Ní Brazil tí mo ń gbé, láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀nà míì: dókítà kan, nọ́ọ̀sì, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò ni wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ kan, ìlànà wọn ti 2017 sì ní èèyàn 2,000 sí 3,500 ni ẹgbẹ́ náà yóò máa bójú tó. Òṣìṣẹ́ àdúgbò ń lọ láti ilé dé ilé, ó mọ ẹni tí kò wá gba oògùn rẹ̀. Ẹ ò ní dókítà tó pọ̀ tó láti dé iye yẹn, ṣùgbọ́n apá ilé-dé-ilé ṣeé yá lò. Kí PHC mú orúkọ àwọn tí kò padà wá ní ọjọ́ wọn fún òṣìṣẹ́ àdúgbò ní Friday, kí ó kàn sí wọn kí Tuesday dókítà tó dé.

Aṣojú_Wọ́ọ̀dù

Ẹ ṣeun gan-an o. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé mẹ́rin. Ìbéèrè kan kù: bí dókítà aládàáni bá ṣe àṣìṣe ní PHC ìjọba, ta ni ẹjọ́ kàn?

Olówó_Ìlú

Ẹ kọ ọ́ pé lórí ọjọ́ ìjókòó, iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ló ń ṣe, bọ́ọ̀dù sì ló ń dá ìbánigbófò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí dókítà mú ìwé àṣẹ MDCN (àjọ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ iṣẹ́) ti ọdún náà wá kí January tó parí. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá kò gbọ́dọ̀ jókòó. Ohun tó bá kọ sí aláìsàn lọ́jọ́ míì, ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ti ara rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ má gbàgbé láti fi nọ́ńbà fóònù tí olórí PHC máa pè sí i láàárín ọjọ́ ìbẹ̀wò méjì, àti ẹni tó ń ra káàdì fún fóònù náà.